Níbo ni ìwọ wà?

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo ti ń múra sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo gbé e tì. Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí ọ̀dọ́ ìjọ wa kan tó béèrè ọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀ ayé, tí àwọn àgbà kan sì pè ní aṣojú èṣù láwùjọ. Jóòbù 38, ẹsẹ 4, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: “Níbo ni ìwọ wà nígbà tí mo fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀? Wí i, bí ìwọ bá mòye.”

Ẹsẹ yìí ti di kóńdó lọ́wọ́ wa. Bí ọ̀dọ́ kan bá ti dárúkọ ìbúgbàù ńlá tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ayé ti bẹ̀rẹ̀, a ó fà á yọ: “Ìwọ ọmọ àná yìí, níbo lo wà?” Ọmọ á dákẹ́, a ó sì rò pé a ti jà fún Ọlọ́run.

Ta ni Ọlọ́run bi ní ìbéèrè yẹn? Jóòbù ni, olóòótọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí sí. Ẹ tún wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ọlọ́run kò ní kí Jóòbù dijú. Ńṣe ló ń fi nǹkan hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan: okùn ìwọ̀n tí a ta sórí ayé, ilẹ̀kùn òkun, ilé ìṣúra yìnyín, abo kìnnìún tó ń wá ẹran. Ní ẹsẹ 31, ó dárúkọ Pleiade àti Orioni. Ẹni tí kò bá fẹ́ ká wo ojú ọ̀run kò ní máa pe ìràwọ̀ lórúkọ fún wa.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ yín. Ẹ rò pé ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ ìbúgbàù ńlá yẹn ti sọ Ọlọ́run nù. Ẹ gbọ́ ibi tó ti wá. Georges Lemaître, ọmọ ilẹ̀ Belgium, tí wọ́n fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì ní 1923, ló kọ ọ́ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, àwọn agbo ìràwọ̀ sì ń jìnnà síra wọn. Ní 1931, ó ní bí a bá ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ á kó jọ sójú kan. Àwọn onímọ̀ kan kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ní 1964, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Amẹ́ríkà, Arno Penzias àti Robert Wilson, ń gbọ́ ariwo kan nínú èríàlì ńlá wọn ní New Jersey. Ẹyẹlé ti tẹ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n ha ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, ariwo ò lọ. Tọ̀sán-tòru, ibi yòówù kí wọ́n kọ èríàlì sí, bákan náà ni. Àṣẹ́kù ooru ìbẹ̀rẹ̀ ayé ni wọ́n ń gbọ́, láti nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8 sẹ́yìn. Ìròyìn náà kan àlùfáà yẹn kó tó kú ní 1966.

Síbẹ̀, nígbà tí Póòpù Pius 12 fẹ́ fi ìmọ̀ yìí ti Jẹ́nẹ́sísì lẹ́yìn ní 1951, inú Lemaître kò dùn sí i. Ó gbà pé ìṣirò òun kò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Mo fara mọ́ ọn. Ìgbàgbọ́ wa nínú Ẹlẹ́dàá kò dúró de èríàlì ẹnikẹ́ni, kò sì yẹ kó máa sá fún un.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo fẹ́ bá yín wí. Ta ló ní ká pe ọmọ tí a ṣèrìbọmi fún níbí ní aṣojú èṣù nítorí ìbéèrè? Ta ló ní ká máa na ìka sójú èèyàn láwùjọ, ká tún pe òbí rẹ̀ mọ́ ọn? Ìwà yẹn burú! Ẹ ka Jóòbù 42, ẹsẹ 7. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń fi gbogbo ẹnu gbèjà Ọlọ́run, àwọn ni ìbínú rẹ̀ ru sí. Jóòbù tó ń béèrè tẹkún-tẹkún, òun ni Ọlọ́run ní ó sọ ohun tó tọ́. Akọ màlúù méje àti àgbò méje ni wọ́n fi tuúbá, ẹni tí wọ́n sì ti fẹ̀sùn kàn ló gbàdúrà fún wọn. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú kúrò nílé Baba yín. Ẹ ka ẹ̀kọ́ yín yanjú, ẹ sì mú ìbéèrè yín wá. Èyí tí mi ò bá lè dáhùn, a ó jọ gbé e síwájú Olúwa. Mo fẹ́ràn yín. Mo fẹ́ràn ẹ̀yin àgbà tí mo bá wí náà, ẹ̀yin tí ẹ fi ààwẹ̀ àti owó ara yín kọ́ ilé ìjọsìn yìí.

Ìkéde: Kíláàsì Bíbélì, Ọjọ́rú, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́: Jóòbù 38 sí 42. Èmi ni n ó darí rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Ìyá, ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ìmọ́tótó. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó jọ̀wọ́ dá a padà fún akọ̀wé ìjọ.