Ayò chess: kíkọ́ni ló ń mówó wọlé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìgbà tí Tunde Onakoya ti ta ayò chess fún wákàtí 60 ní New York lọ́dún 2024 ni àwọn òbí ti ń béèrè bóyá ọmọ lè fi ayò náà jẹun. Ó lè fi kíkọ́ni jẹun. Ìdíje nìkan kò lè bọ́ ọ.

Kí ènìyàn tó di grandmaster, ìyẹn oyè tó ga jù lọ nínú ayò chess, ìwọ̀n agbára títa rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 2500 lọ́dọ̀ FIDE, àjọ ayò chess àgbáyé, kó sì gba nọ́ọ̀mù 3, ìyẹn èsì ìdíje tó tó ti grandmaster. Nọ́ọ̀mù kan sábà máa ń gba eré 9, kí ìwọ̀n bó ṣe ta níbẹ̀ tó 2600, kí ó kéré tán 3 nínú àwọn tó bá ta jẹ́ grandmaster. Níbo la ti máa rí wọn ní Yaba tàbí Mushin? Owó ọkọ̀ òfuurufú àti físà ló ń dá àwọn ọmọ wa dúró, kì í ṣe ọpọlọ, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n FIDE ń fún olùkọ́ àti adájọ́ ìdíje náà lóyè. Kí ọmọ lé ìyẹn, kó má sì fi ilé ìwé sílẹ̀.

Olùkọ́ ayò chess,
Sùúrùlérè, Èkó.