Wákàtí Méjìlá Tí Ẹ Pè Ní Mẹ́fà

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ 17, Oṣù Kejì, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún wa,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Lẹ́tà kẹrin tí mo máa kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nìyí: iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ yín sọ pé ìyá mi yóò lò nínú bàálù. Mi ò ní tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ó wà nínú ìwé yín, ẹ sì ti kà á sí mi létí títí ó fi sú mi.

Òṣìṣẹ́ yín ló ní wákàtí mẹ́fà péré ni bàálù ń lò láti Ìkẹjà dé Atlanta ní Amẹ́ríkà, torí pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni yóò gbéra, tí yóò sì balẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá mi, ẹni ọdún 74, gbọ́ tí wọ́n fi kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sínú àpótí ńlá tó wọ inú bàálù lọ. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ (aago tiwa nílé) tó yẹ kí wọ́n lò ó bá wọn lórí òkun, oògùn sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn níbi tí ọwọ́ wọn kò lè tó o.

Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe, mo sì ti fẹ́ fi èyí sílẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò ṣeé gbé mì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ (ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ọ̀hún ṣe rí) wá sí ọ́fíìsì yín ní Ìbàdàn, tí wọ́n ní ọ̀gá kò sí níjòkòó. Nígbà tí mo fóònù, ọmọbìnrin tó gbé e bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wa bàálù ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò pè mí padà lọ́jọ́ Ajé, ó sì pa fóònù náà mọ́ mi létí. Ọjọ́ Ajé mẹ́ta ti kọjá.

Lóòótọ́, mi ò wa bàálù rí. Àmọ́ mo mọ̀ pé ní àsìkò òtútù wọn yìí, aago Atlanta fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa, nítorí náà, nígbà tí aago márùn-ún ìdájí bá lù lọ́hùn-ún, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti lù ní Ògbómọ̀ṣọ́. London, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 5,000 sí Èkó, gan-an ń gba bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Báwo ni Atlanta, tó ju kìlómítà 9,000 lọ, tí bàálù sì ń kọjú sí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, yóò ṣe yá ju London lọ? Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò yín, nígbà tí ìyá mi bá ń padà bọ̀ nílé, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń ti bàálù lẹ́yìn tí ìrìn náà sì yá díẹ̀ sí i, wákàtí mẹ́fà tí aago fi yàtọ̀ yóò di àfikún, ìrìn kan náà yóò sì di wákàtí mẹ́rìndínlógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá yóò ti rẹ bàálù náà nígbà yẹn.

Ẹ kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ìyá mi, ẹ dá owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa padà, kí ẹ sì kọ iye wákàtí tí wọn yóò lò lófuurufú nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ sínú ìwé fún wa. Mo fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ni ẹ ó ti gbúròó mi, ohùn ọmọbìnrin yín sì wà nínú fóònù mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fóònù mi. Ìwé ni kí ẹ kọ.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.