Ẹ Má Ta Ọ̀bẹ Bàbá Yín Fún Ọlọ́mọlanke

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó, a mọ̀ pé bébà ti gbówó lórí. Kápẹ́ńtà ni mí, Àkúrẹ́ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

Díẹ̀ báyìí ló kù kí àbúrò mi obìnrin ta ọ̀bẹ bàbá wa méjì, òun pẹ̀lú kẹ́tù tó lu àti àjákù páànù, fún àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin. Àjà ilé wa ní Ìdànrè la ń tún ṣe tá a fi rí àpò ọdẹ bàbá. Ọ̀bẹ ọdẹ wọn wà nínú ẹ̀, nínú àkọ̀ awọ, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kan tó ń ká, tí wọ́n máa ń fi sápò, òun ni wọ́n fi ń bó ọsàn fún wa ká tó lọ síléèwé. Àbúrò mi ní "ṣé èyí náà lọ̀bẹ?" Mi ò bá a wí, ìpẹtà ti bò ó débi pé èèyàn ò lè mọ̀ bóyá irin ni àbí èèpo igi.

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wólé ara ẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Tiwa yìí, àkọ̀ ló ba ọ̀bẹ jẹ́ o. Awọ máa ń fa omi mọ́ra, ibi tó ti lẹ̀ mọ́ irin gan-an ni ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọnú, èèkù tó wà níta ò ṣe nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ọ̀bẹ pa mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò lákọ̀, kẹ́ ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, kẹ́ ẹ wé e sáṣọ.

Ìwàǹwára ló bá mi fa èyí tó tẹ̀ lé e. Mo gbé ọ̀bẹ ọdẹ lọ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lo gíráńdà létí títì, iná ń ta pàrà pàrà, inú mi ń dùn, ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀bẹ ti ń dán. Mo délé ni mo rí i pé lẹ́tà tó wà ní ìdí irin ti pa rẹ́, ẹnu ọ̀bẹ sì ti di àwọ̀ aró. Kápẹ́ńtà bíi tèmi ló yẹ kó mọ̀ o, irú ẹ̀ ti ṣe ṣísẹ́ẹ̀lì mi rí! Alágbẹ̀dẹ kan l'Óǹdó wò ó, ó ní iná ti mú un jù, irin tó bá ti wọ àwọ̀ yẹn ti rọ̀, tẹ́ ẹ bá pọ́n ọn láàárọ̀ á ti kú kó tó dalẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti kékeré yẹn fúnra mi. Kò ṣí. Àbúrò mi gbé pínsà wá, mo ní rárá, mo kán òróró mọ́síìnì ìránṣọ sí oríkèé ẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kó tó dún kọ́ọ́, tó ṣí. Mo wá da fínígà sínú agolo mílíìkì, irin nìkan ni mo rì síbẹ̀, torí ìwo ni èèkù ẹ̀, fínígà ò gbọdọ̀ kan ìwo tàbí igi. Wákàtí mẹ́ta ni, mo ń yọ ọ́ wò, torí tó bá pẹ́ jù irin gangan lá máa jẹ. Omi yẹn dúdú bí omi èédú. Mo fi wúúlù irin tí wọ́n fi ń fọ kòkò ha á, mo fi ọṣẹ àti sódà kéèkì fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, mo tún fi òróró pa á.

Ibi tí mo ti ń ha á ni S ti yọ, L tẹ̀ lé e, àfi SOLINGEN! Ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní Jámánì ni, láti 1938 ni òfin wọn ti ní ẹni tí ò bá ṣe ọ̀bẹ níbẹ̀ ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ìlú náà sí i lára. Irin àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀bẹ yìí, kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà tí òyìnbó kan, Harry Brearley, ṣe ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1913. Àwọn tó ń dán gbinrin lỌ́jà Ọba náà ò dípẹtà lóòótọ́, àmọ́ òmíì wà níbẹ̀ tí ò lè gé tòmátì. Tèmi yìí, òkúta ìpọ́nbẹ àti omi lásán ni mo fi pọ́n ọn, mo kàn gbé ẹ̀yìn ẹ̀ sókè díẹ̀ lórí òkúta. Mo fi bó ọsàn, èèpo ẹ̀ jáde gbọọrọ láì já. Àbúrò mi gbà á lọ́wọ́ mi, kò tíì dá a padà dòní.

Àǹtí wa kan ní mi ò bá má fọwọ́ kan irin ọdẹ láìbi Ògún léèrè. Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́.

Olóòtú, tí òǹkàwé yín kan bá mọ oníṣẹ́ awọ tó ṣì ń rán àkọ̀ ọ̀bẹ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ẹ bá mi gbé e jáde. Ọ̀bẹ ọdẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Alágbẹ̀dẹ ní kí n mú un wá lẹ́yìn ọdún Ògún, òun á fi iná àti omi mú un le padà, àmọ́ lẹ́tà tó ti pa rẹ́, kò sóhun tóun lè ṣe sí i.

Èmi ni tiyín,
Kápẹ́ńtà kan, Àkúrẹ́