Àbẹ̀kẹ́, dákun má tíì yáwó ra lẹ́ńsì yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, o ò gbé e. Mo tún pè ní Mọ́ńdè, ó dún títí ó fi kú. Àmọ́ láago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn náà lo gbé fótò ẹyẹ sórí status, márùn-ún ni, mo kà á. Ọwọ́ rẹ dí fún bàbá rẹ, kò dí fún ẹyẹ. Ó dáa náà.

Àlàáfíà la wà. Orúnkún màmá rẹ ti ń sàn díẹ̀, pọ́ńpù tó ń fa omi jó, omi la ń rà báyìí, ewúrẹ́ Ìyá Sikirá bí ìbejì.

Ohun tó gbé mi dìde ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Ó ní o fẹ́ ra lẹ́ńsì Sigma kan, 150-600, àwọn lẹ́ńsì tí nọ́ńbà wọn bá ti tóbi báyìí ló ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, pé owó ọwọ́ rẹ ò tó, pé o fẹ́ lọ gba lóònù lórí àwọn áàpù orí fóònù yìí. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò bínú o. Irọ́ ni, mò ń bínú. O rí bí wọ́n ṣe ń ṣe tówó bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, wọ́n á kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù èèyàn, wọ́n á máa tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì sí pásítọ̀, sí ọ̀gá ibiṣẹ́, sí ẹni tó o kàn ra ata lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pé gbájúẹ̀ ni ọ́. Má yáwó ra lẹ́ńsì, Àbẹ̀kẹ́.

Mi ò ní kó o má ra lẹ́ńsì o. 18-55 tó bá kámẹ́rà rẹ wá, tó o bá fi ya ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ, ńṣe ló máa dà bí ìdọ̀tí ojú fèrèsé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé o ti gbé 150-600 yẹn rí? Ó lé ní kílò kan ààbọ̀ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ kílò méjì, kámẹ́rà Nikon D3500 tìrẹ gan-an ò tó ìlàjì kílò, lẹ́ńsì ló máa gbé kámẹ́rà, kì í ṣe kámẹ́rà ló máa gbé lẹ́ńsì. Wàá ra tíráípọ́ọ̀dù tó lágbára, wàá tún ra báàgì mìíràn, gbèsè á máa bímọ.

Ibo lo sì ti ń ya ẹyẹ? Lekki Conservation Centre, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tọwọ́ bọ èèyàn lápò, àti igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tó o bá wálé. Abẹ́ igi ni gbogbo ẹ̀, ó ṣókùnkùn. Sigma yẹn tó o bá fà á dé 600, f/6.3 ló máa ṣí mọ, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ò ní fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí mo fẹ́ kó o rà, 70-300 ti Nikon, òun náà f/6.3 ni tó bá dé òpin, mi ò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ní 300 o lè yà á ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá kọ́wọ́ má gbọ̀n ọ́n, ní 600 wàá nílò 1/1000, ìmọ́lẹ̀ tó máa wọlé á dín sí ìlàjì, wàá wá ti ISO, agbára tí kámẹ́rà fi ń mú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, sókè títí fótò á fi rí hóró hóró bíi gàrí Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ló ń sáré ẹ̀ sí?

Ra 70-300 ti Nikon, èyí tí wọ́n kọ AF-P DX sí lára. Gíráàmù 415 péré ni. Lójú kámẹ́rà tìrẹ ó dà bí 450 ni, torí sẹ́ńsọ̀ rẹ kéré, ó ń gé ẹ̀gbẹ́ dànù. Ṣùgbọ́n kíyè sí i, oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ní VR lórúkọ, èkejì ò ní, wọ́n jọra bí ìbejì, àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ sọ. Èyí tó ní VR ni kó o gbà, òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ba fótò jẹ́. Kò ní bọ́tìnnì VR lára o, inú mẹ́nù kámẹ́rà lo ti máa tàn án, má lọ máa bá ọlọ́jà jà pé ó ti bàjẹ́. 70-300 àtijọ́ kan tún wà, AF-D, ó pọ̀ ní tòkúnbọ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀ rárá, má tọwọ́ kàn án, kámẹ́rà rẹ ò ní mọ́tò tó máa yí i, ọwọ́ lo máa fi yí i kí fótò tó hàn kedere, ẹyẹ á ti fò dé Bẹ̀nẹ̀.

Tó ò bá lówó ẹ̀, dúró. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin. Má yáwó.

O máa ní bàbá yìí tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbèsè ẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́dún 1986 mo ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Mọ́kọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ ò tíì rìn. Mo máa ń lọ sí Liberty Stadium, màá máa wo àwọn fótógíráfà ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú lẹ́ńsì gígùn wọn, tèmi 50 ni, àwọn agbábọ́ọ̀lù kéré bí èèrà nínú ẹ̀. Mo lọ yáwó èlé lọ́wọ́ ọkùnrin kan, mo fi ra 300. Mo ní tí mo bá ti ta fótò bọ́ọ̀lù mélòó kan, mo ti san án tán. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni SFEM dé, ọjà tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ṣíṣẹ́ owó òkè òkun, dọ́là kan tí à ń fi náírà kan àti díẹ̀ rà, ó kọjá mẹ́rin. Fíìmù, pépà, kẹ́míkà tí a fi ń fọ fótò, òkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, mi ò lè rà á mọ́, kọ́sítọ́mà ò lè san iye tí mò ń pè. Ọkùnrin yẹn kì í pariwo. Láràárọ̀ á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á kàn jókòó, kò ní sọ nǹkan kan.

Ẹ̀wọ̀n góòlù màmá rẹ, èyí tí ìyá ẹ̀ fún un nígbà ìyàwó, èmi ni mo mú un lọ tà. Títí dòní ó gbà pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn ló jí i. A dá ọmọ náà padà sílé wọn, ó ń sunkún, ó ń búra, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni.

Lẹ́ńsì náà ńkọ́? Mo dì í sínú àpò aláwọ ẹ̀, mo tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù torí mi ò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Òjò ọdún méjì rọ̀ lé e. Ìgbà tí mo máa ṣí i, nǹkan funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ti hù nínú gíláàsì ẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Má tọ́jú tìrẹ sínú àpò aláwọ o. Ike tó ní ìdérí tó dé pa ni kó o wá, kó o kó àwọn àpò hóró kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun sí i, kó o máa pààrọ̀ wọn torí wọ́n máa ń mumi yó.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lo fẹ́ rà, tan tọ́ọ̀ṣì sí i látẹ̀yìn, kó o wò ó láti iwájú, òwú yẹn lò ń wá. Mú kámẹ́rà rẹ dání, ya ewé ọ̀ọ́kán ní 300, kó o fẹ fótò náà tóbi lórí sìkíríìnì kó o tó ka owó.

Kó o tó ra nǹkan kan, lékeléke ni kó o fi kọ́ra. Tẹ̀ lé màlúù, àwọn ẹyẹ náà kì í sá fún màlúù, jókòó sílẹ̀, wọ́n á wá bá ọ. Nínú oòrùn dín ìmọ́lẹ̀ fótò kù lórí kámẹ́rà, bíi -0.7, kí ìyẹ́ ẹ̀ má bàa di ògiri tí wọ́n kùn ní ẹfun. Èyí tó o gbé sórí status lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èyí tó ń na ọrùn, ó dáa gan-an. Mo fi han màmá rẹ. Ó ní ṣé o tún ń na èékánná sí wọn bí ìgbà tó o wà ní kékeré.

Sátidé tó ń bọ̀ mò ń bọ̀ l'Ékòó, mo ti bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́. Má sanwó fẹ́nikẹ́ni kí n tó dé, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Pe màmá rẹ lálẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ góòlù yẹn, má sọ ọ́ fún un, fi í sílẹ̀ fún mi.

Bàbá rẹ