Kí Ìyàwó Rẹ Má Gbọ́ Ọ Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Tudun Wada, Kàdúná
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alẹ́

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ìyá rẹ ti sùn, kò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé. Orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò pa àsàlátù jẹ. Iná ti wà láti àná, a ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un lọ. Ewúrẹ́ ti bí, akọ kan, abo kan.

Ìyàwó rẹ pè wá lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹkún ló ń sun. Ó ní o máa ń da fóònù rẹ dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, pé tó bá dún, ìta lo máa ń sáré lọ gbé e. Ó ní obìnrin ni, pé Gwarinpa ní Àbújá níbẹ̀ ló ń gbé. Mo bi í bóyá ó ti rí obìnrin náà rí. Kò rí i rí. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ Gwarinpa? Ó ní ibẹ̀ lo ní o lọ lọ́jọ́ tí o pẹ́ dé.

Èmi ò gbà pé obìnrin ni. Ìbá tiẹ̀ sàn lójú mi tó bá jẹ́ obìnrin, kí ìyá rẹ má rí ibi tí mo kọ èyí sí.

Ará Ọ̀fà wa kan rí ọ ní Millennium Park ní Maitama, aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. O jókòó sábẹ́ igi, o de táì. Kò pè ọ́, ojú ń tì í. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù fi àwòrán rẹ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ sí i pé olè ni ọ́, pé kí n sọ fún ọ kí o wá san owó wọn. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà, òógùn ò tán lára mi.

Iṣẹ́ ti bọ́, àbí? Láti ìgbà wo?

Oṣù mẹ́ta tí o ò fi owó ránṣẹ́, o ní báńkì ni, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. N kò bínú owó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ ti gbówó lórí, ṣùgbọ́n a ń rí i rà. Ohun tó ń já mi láyà ni pé àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù yìí, nọ́ńbà gbogbo ẹni tí o mọ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe rí tèmi ni wọ́n máa rí ti ìyàwó rẹ. Kó má gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, Àkànní.

Òmùgọ̀ ni ọ́. Mo kọ ọ́, n kò ní pa á rẹ́. Ta ló kọ́ ọ ní irú èyí? Mo béèrè bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́ fúnra mi, torí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ.

O wà ní kíláàsì karùn-ún lọ́dún 2007. Lóṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́ aṣọ ní Kakuri. Epo dúdú tí ẹ̀rọ ń mu ti wọ́n, aṣọ Ṣáínà ti gba ọjà, ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ ni wọ́n ń lé wa sílé. Mo délé, ìyá rẹ ní, "Iṣẹ́ ńkọ́?" Mo ní, "A dúpẹ́." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé oúnjẹ sínú kúlà, ìwọ lo gbé e sin mí dé ojú títì. O rántí kúlà aláwọ̀ ewé yẹn? Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń jókòó sábẹ́ igi dogoyaro nítòsí ojú irin. Ìrẹsì ìyá rẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ, àwọn almájìrì ló ń jẹ ẹ́. Tí oṣù bá parí, mo máa lọ yá owó lọ́wọ́ Alhaji kan, mo máa kà á fún ìyá rẹ lórí ibùsùn, mo ní owó oṣù ni.

Lóṣù kẹwàá wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa pátápátá. Ìyá rẹ ń ráhùn lọ́jà pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ òun lánàá. Ìyàwó ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ ní, "Lánàá kẹ̀? Ọkọ tìrẹ? Ó ti tó oṣù mẹ́rin." Lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò pariwo nígbà tó délé. Ó fọ kúlà náà, ó gbé e sókè àjà, ó ní, "Ṣé ọ̀tá yín ni mí ni?"

Lọ́dún 2000 tí ìjà gba Kàdúná, ọjọ́ méjì ni mo há sí Kakuri, GSM ò tíì dé, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá mo kú. Ìyá rẹ ò ronú ibòmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kúlà yẹn, tí mo bá ní òjò ń rọ̀, ó máa ń jáde lọ wò ó.

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Láàárín tọkọtaya, obìnrin Gwarinpa ló máa ń dà. Ìyàwó rẹ náà ò ṣe dáadáa, ó ti ń fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Kubwa bí ẹni tó pàdé nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Iye gbèsè, orúkọ àwọn tó yá ọ, ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́. Lálẹ́ tí o bá ka ìwé yìí ni, kí ọmọ-ọmọ mi ti sùn. Tó bá bú ọ, jẹ́ kó bú ọ. Mo gbàdúrà fún ọ lónìí kí n tó jẹun.

Ó ku nǹkan kan. Ilẹ̀ tí a ní ní Rigasa, èmi ni mo tà á san owó Alhaji. Nígbà tí wọ́n kọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin síbẹ̀, mo sọ fún ìyá rẹ pé ibùdó náà ló gba ilẹ̀ náà. Gbogbo ìgbà tí a bá wá sọ́dọ̀ yín, tí a bá dé ibùdókọ̀ yẹn, ó máa ń pòṣé, á ní orí ilẹ̀ òun ni wọ́n ń wa ọkọ̀ lé. Èmi náà á sì mirí.

Lálẹ́ ọ̀la ni mo fẹ́ sọ fún un. A ti ní ká wọ ọkọ̀ ojú irin wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí o bá rí i pé èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní Kubwa, má bi mí.

Bàbá rẹ