Ẹ̀sùn Lórí Ẹ̀rọ Tí Ẹ Pè Ní Matrix 4×4

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín, mo kí àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, lórí ẹ̀rọ Matrix 4×4 (ìwọlé àwòrán mẹ́rin, ìjáde mẹ́rin) tí mo rà lọ́wọ́ yín, torí àwọn tó ń dáhùn lórí WhatsApp yín kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni wọ́n ní kí n lọ pààrọ̀ wáyà.

Iṣẹ́ fídíò ayẹyẹ ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ọdún 11. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí, ìpàdé rẹgbẹ́rẹgbẹ́, èmi ni mo máa ń gbé kámẹ́rà àti síkíríìnì lọ. Òde Ìjẹ̀bú kì í parí sínú gbọ̀ngàn. Bí àlejò bá ti kún inú, wọ́n á ta kánópì síta, àwọn tó sì jókòó síta fẹ́ fojú ara wọn rí ohun tó ń lọ nínú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ẹ̀rọ tó lè gbé àwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí síkíríìnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí n tó sanwó ni mo ti sọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lórí fóònù mi: "Mo fẹ́ kí kámẹ́rà wà lórí síkíríìnì inú, kí fọ́tò wà lórí ti ìta, kí ọ̀rọ̀ orin wà níwájú àwọn akọrin, lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé eléyìí á ṣe é?" Èsì tí mo gbà ni: "Bẹ́ẹ̀ ni mà, matrix ni, 4×4." Mo san ₦265,000. Mo tún san ₦6,000 fún awakọ̀ tó gbé e láti Èkó wá sí Gáréèjì Èkó níbí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló dé. Òde wà lọ́jọ́ kejì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, màmá kan ló pé ọdún 80. Mo so ẹ̀rọ náà mọ́ síkíríìnì mẹ́rin nílé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn, àwòrán mọ́ kedere, mo sì palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ní òde náà, ìjáde kìíní lọ sí síkíríìnì ńlá inú gbọ̀ngàn, ìkejì lọ sábẹ́ kánópì, ìkẹta lọ sí tẹlifíṣọ̀n kékeré níwájú akọrin, ìkẹrin wọnú ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀. Orí àga onítáyà ni màmá wà láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ọmọ jáde, ó na ọwọ́ sí àkọ́bí rẹ̀, ó sì dìde. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká ọmọ mú, ó fi èkejì di ìró rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, díẹ̀díẹ̀. Bàtà rẹ̀ ọ̀tún bọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn akọrin juwọ́ sí mi pé kí n fún àwọn ní ọ̀rọ̀ orin. Mo tẹ bọ́tìnì kejì, ti ọ̀rọ̀ orin. Ọ̀rọ̀ orin jáde níwájú akọrin, ó jáde lórí síkíríìnì ńlá, ó jáde lábẹ́ kánópì. Àwọn ará ìta pariwo. Mo sáré tẹ bọ́tìnì kìíní, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí kámẹ́rà tó padà dé, ọ̀rọ̀ orin ti pòórá níwájú akọrin, orin dàrú. Olórí akọrin yíjú sí mi, mo tún tẹ bọ́tìnì kejì padà. Ìgbà tí mo fi máa ronú kan ẹ̀rọ tó ń gba fídíò sílẹ̀, màmá ti jókòó.

Ohun tó wà nínú fídíò wọn níbi tó yẹ kí ijó màmá wà ni ọ̀rọ̀ orin, lẹ́tà funfun lórí búlúù. Kámẹ́rà mi kejì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, gèlè àti fìlà àwọn tó dìde wòran ló rí. Nígbà tí ọmọ màmá obìnrin pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò bú mi. Ó kàn ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun tún un wá dáadáa, bóyá ó wà níbì kan. Mo dá ₦60,000 padà fún wọn nínú owó iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òde, ni mo jókòó ti ẹ̀rọ yìí. Mo fi àwọ̀ pupa kún ojú láàpútọ́ọ̀pù kan, mo fi àwọ̀ ewé kún ojú èkejì, mo so méjèèjì mọ́ ọn. Mo tẹ 1, síkíríìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pupa. Mo tẹ 2, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di àwọ̀ ewé. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá kí ọ̀kan pupa kí èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé. Bọ́tìnì mẹ́rin péré ló wà lójú rẹ̀, mẹ́rin náà ló wà lára rìmóòtù. Wọ́n wà fún ìwọlé. Èwo ni màá fi yan ìjáde?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nídìí iṣẹ́. Switch ní ìwọlé púpọ̀ àti ìjáde kan, èèyàn á yan èyí tó fẹ́ wò. Splitter ní ìwọlé kan àti ìjáde púpọ̀, ohun kan náà ló ń pín kiri. Matrix lèyí tí ìjáde kọ̀ọ̀kan lè mú ìwọlé tó wù ú, láìdí ìjáde tó kù lọ́wọ́. Bí ilé olóúnjẹ ló rí: ìkòkò mẹ́rin wà lórí iná, abọ́ mẹ́rin wà nílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ìkọ́kọrẹ́ á gba ìkọ́kọrẹ́, ẹni tó fẹ́ ẹ̀bà á gba ẹ̀bà, bí ẹni méjì bá sì fẹ́ ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀bà ẹni kẹta ṣì wà níbẹ̀. Ní ilé olóúnjẹ tí ẹ tà fún mi, bí ẹnì kan bá ti lóun fẹ́ ìkọ́kọrẹ́, gbogbo ẹni tó jókòó ni wọn yóò bu ìkọ́kọrẹ́ fún. Switch 4×1 tí wọ́n so splitter 1×4 mọ́ nídìí ni, nínú páálí kan. Kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ kí síkíríìnì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fi ojú pásítọ̀ hàn yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n matrix kọ́ lorúkọ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó matrix.

Àbúrò tó dá mi lóhùn kẹ́yìn lórí WhatsApp yín ní kí n ka ihò rẹ̀. "Mà, ṣé mẹ́rin ló wà níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún? 4×4 nìyẹn." Ihò kọ́ là ń kà. Ohun tí 4×4 ń sọ ni pé oríta 16 ló wà nínú ẹ̀rọ náà, níbi tí ìwọlé kọ̀ọ̀kan ti lè pàdé ìjáde kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ mọ èyí, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni àwa tá a wà lọ́nà jíjìn fi ń ná owó wa.

Ní ti wáyà tí ẹ ní kí n pààrọ̀, èyí tó gùn jù nínú gbọ̀ngàn jẹ́ mítà 5. Cat6, wáyà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, ni mo fi gbé ti kánópì, pẹ̀lú extender tó ń mú àwòrán rin ọ̀nà jíjìn, torí mo mọ̀ pé wáyà HDMI lásán, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ bó bá ti ń lọ sí mítà 15. Wáyà tó bàjẹ́ lè mú kí àwòrán máa ṣẹ́jú, ó lè mú kó má tilẹ̀ wá rárá. Kò lè gbé ọ̀rọ̀ orin lọ sórí síkíríìnì tí a kò rán an sí.

Ìpolówó yín tún ní èèyàn lè ṣètò EDID lórí rẹ̀. EDID ni ìwé kékeré tí síkíríìnì fi ń sọ fún kámẹ́rà tàbí láàpútọ́ọ̀pù pé ibi tí agbára òun mọ nìyí, àwòrán tí òun lè gbé, àti bóyá òun gba ohùn. Byte 128 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu gbogbo nǹkan. Mo ní projector àtijọ́ kan, 1024×768 ni tirẹ̀, kò sì ní ohùn. Bí mo bá ti so ó mọ́ ìjáde kẹrin, síkíríìnì ńlá á rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n rẹ̀, ohùn á kú lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí mo bá yọ ọ́, nǹkan á padà bọ̀ sípò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù ni ẹ̀rọ yín ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kéèyàn ṣètò EDID máa ń ní bọ́tìnì tàbí swíìṣì wẹ́wẹ́ téèyàn fi lè sọ pé 1080p (ìwọ̀n àwòrán 1920×1080) ni kí gbogbo wọn gbà. Mo yí tiyín síwá sẹ́yìn, n kò rí ọ̀kan.

Ara páálí kọ 4K 60Hz, ìyẹn àwòrán tó tó ìlọ́po mẹ́rin 1080p, ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìwé inú páálí kan náà kọ 30Hz àti 10.2 Gbps (iye dátà tó lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìyẹn HDMI 1.4, ẹ̀yà HDMI àtijọ́. N kì í lo 4K lóde, àmọ́ kò yẹ kí páálí àti ìwé inú rẹ̀ máa ta ko ara wọn.

Dídúdú tí síkíríìnì ń dúdú bí mo bá yí i padà, n kò fi ìyẹn sùn yín. Switch tí kì í ṣe seamless (oríṣi tó ń yí àwòrán padà láìsí òkùnkùn láàárín) gbọ́dọ̀ tún bá síkíríìnì ṣàdéhùn, HDCP náà, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀dà fídíò lọ́nà àìtọ́, á sì tún yẹ ara rẹ̀ wò, kí àwòrán tó wá. Ẹ kò sì sọ fún mi pé seamless ni.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦265,000 mi padà, pẹ̀lú ₦6,000 owó ọkọ̀ àti ₦60,000 tí mo dá padà fún àwọn ọlọ́jọ́ ìbí. Bí ẹ bá ní matrix gidi tí iye owó rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo lè gbà á dípò ₦265,000, kìkì pé kí ẹ kọ́kọ́ fi fídíò ránṣẹ́ sí mi níbi tí àwọ̀ mẹ́rin ti wà lórí síkíríìnì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ sì yí orúkọ ẹ̀rọ yìí padà níbi tí ẹ ti ń polówó rẹ̀. Àná ni mo wò ó, matrix ló ṣì ń jẹ́. Ọmọkùnrin kan ní Àgọ́-Ìwòyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti bi mí léèrè nípa rẹ̀, owó àjọ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fẹ́ fi rà á.

Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà. Bí n kò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ 14, màá kó ìwé owó, ọ̀rọ̀ WhatsApp wa àti fídíò ìdánwò mi lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Ẹ̀rọ náà wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú wáyà iná, rìmóòtù àti ìwé rẹ̀. N kò tú ìdí rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ tó wù yín àti orúkọ ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ ní Èkó, màá gbé e lọ sí gáréèjì.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá oní-fídíò,
Ìjẹ̀bú-Òde.