Lẹ́tà sí Yèyé mi ní Iléṣà

Yèyé mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ara fẹ́ra kù Ìyá Aláṣọ. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ọ̀rẹ́ yín, tí ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Atakúmọ̀sà ti wà ní títì, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àyà yín a máa já. Ẹ wá bi mí pé, kí ló dé tí Ọlọ́run kò kúkú jẹ́ ká máa wà láìkú?

Yèyé, obìnrin kan gbé ìlú Arles ní ilẹ̀ Faransé, Jeanne Calment lorúkọ rẹ̀. 1875 ni wọ́n bí i, 1997 ló kú, lẹ́ni ọdún 122. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú lọ́dún 1934. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní kú lọ́dún 1963. Ó tún wá lo ọdún 34 sí i lẹ́yìn ìyẹn. Ta ló kù tí yóò pè é ní ìyá?

Níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester níbí, baba ẹni ọdún 96 kan wà tó ní ìwé kékeré tó ń kọ nọ́ńbà fóònù sí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n bá òun pe ọ̀rẹ́ òun. Mo ṣí ìwé náà: ó ti fi bíírò fa ìlà lé orúkọ lórí, láti ojú ewé kan dé èkejì. Ẹni méjì péré ló ṣẹ́kù. Mo pe èyí tó ní kí n pè, wọ́n ní kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fa ìlà náà jẹ́jẹ́, ó ní kí n bá òun paná. Kò sunkún. Èmi ni mo lọ sunkún ní balùwẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àìkú parí ìwà. Mi ò rò pé kí èèyàn má kú rárá ni wọ́n ń tọrọ. Kí ikú má pa wá ní rèwerèwe ni, kí òbí má rí òkú ọmọ. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ ti pàdánù méjì kí ẹ tó bí mi, títí dòní wọn ò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Bí gbogbo wa bá sì jọ wà láìkú, ibo la ó ti rí ọmọ tí a ó sọ ní Yétúndé?

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ níparí, nígbà tí ohùn yín ti lọ sílẹ̀: "Mi ò fẹ́ kó bá mi ní èmi nìkan." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun, nítorí èmi ni mo fi yín sílẹ̀ nínú ilé ńlá yẹn. Ẹ̀rù kan náà ń bà mí níbí, pé kí n má lọ kú sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ oríkì mi.

Mo ti bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ yín ni yóò máa sùn. Mo sì ti gba ìsinmi fún oṣù Kejìlá. Bí mo bá dé, ẹ jọ̀ọ́, oríkì baba yín ni kí ẹ fi kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ bẹ̀ pé kó dúró,
Dúrósinmí